Ìmọ̀ràn: Iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ fún ẹni tó ní porphyria

Olùbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Aláìsàn wa tó ní acute intermittent porphyria (àìsàn àjogúnbá tí kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ lè ṣe heme, èròjà kan tí ara nílò, bó ṣe yẹ) fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, báwo la ṣe máa múra sílẹ̀?

Akunnilóorun: Ebi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rù. Bí ebi bá ti ń pa ẹ̀dọ̀, èròjà ALA àti PBG, tó yẹ kí ara sọ di heme, á bẹ̀rẹ̀ sí í kún ara, ìyẹn ló ń dá ìrora inú àti àìlágbára iṣan sílẹ̀. Torí náà, aláìsàn yìí ni kó kọ́kọ́ wọ tíátà láàárọ̀. Bí ikùn rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ó lè mu omi ṣúgà títí di wákàtí 2 ṣáájú. Ó kéré tán, 300 giráàmù ṣúgà ló yẹ kó wọ ara rẹ̀ lójúmọ́: lítà 3 dextrose (omi ṣúgà tí wọ́n ń fà sára) 10% ni, tàbí lítà kan àbọ̀ ti 20% gba central line, ìyẹn rọ́bà tí wọ́n ń kì bọ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá. Ẹ jẹ́ kí iyọ̀ wà nínú omi yẹn o! Iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ wọn tètè ń lọ sílẹ̀, gìrì ló sì ń gbẹ̀yìn rẹ̀.

Apoògùn: Nínú oògùn akunnilóorun, ẹ má fún un ní thiopental tàbí etomidate rárá. Propofol tó ń kunni lóorun, fentanyl àti morphine fún ìrora, àti ondansetron fún èébì kò léwu. Bí gìrì bá mú un, oògùn levetiracetam ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe phenytoin. Kí hemin, oògùn tó ń wo porphyria tó bá dìde, ti wà nílẹ̀ kí ọ̀bẹ tó kan ara. Bí kò bá tíì dé, ẹ sún ọjọ́ náà síwájú. Tí àìsàn náà bá dìde sí i, ẹ fún un ní hemin 3 mg fún kílò kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, fún ọjọ́ 4. Ẹni 60 kílò á gba 180 mg. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá ni kẹ́ ẹ gbé e gbà, torí ó máa ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké jẹ́. Ó tún lè dí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti dì, ẹ ṣọ́ ojú ọgbẹ́ ẹ̀dọ̀ náà gidigidi.

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù: Ẹ wọn PBG inú ìtọ̀ rẹ̀ ṣáájú iṣẹ́ abẹ, kẹ́ ẹ sì bo ìgò náà kí ìmọ́lẹ̀ má kàn án. PBG ọ̀pọ̀ wọn máa ń ga kódà nígbà tí ara le. Bí ẹ ò bá ní ti àkọ́kọ́, kí lẹ máa fi ti ẹ̀yìn wé? Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, bí inú bá ń ro ó ju bó ṣe yẹ lọ, tí ọkàn ń sáré, tí ìtọ̀ pọ́n dúdú, ẹ fura. Síbẹ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òróòro ń jò tàbí ẹ̀jẹ̀ ń dà sínú ikùn. Bí ohùn rẹ̀ bá yí padà tàbí apá rẹ̀ rọ, ẹ wọn agbára èémí rẹ̀ kíákíá.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an. AFP rẹ̀ (èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń fura sí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀) kò ga, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò sì le gbagidi, ìyẹn ni pé kò ní cirrhosis. Ṣé jẹjẹrẹ ni lóòótọ́?

Akunnilóorun: Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nínú porphyria yìí, jẹjẹrẹ máa ń yọ lára ẹ̀dọ̀ tí kò le gbagidi, AFP kì í sì í sábà ga. Àwòrán ni kẹ́ ẹ gbára lé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ya àwòrán ẹ̀dọ̀ wọn lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà láti ẹni 50 ọdún.