Mo ń wá ìmọ̀ràn: kíkọ ìwé ìbéèrè fún àkókò lórí awò rédíò ńlá

Olùbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìràwọ̀ ni mí. Mo fẹ́ fi awò-awọ̀nàjínjìn rédíò wo gáàsì háídrójìn tó wà láàárín ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ méjì tó súnmọ́ ara wọn, nítorí mo fura pé gáàsì ti ń ya kúrò lára ọ̀kan bọ́ sára èkejì. N kò kọ irú ìwé ìbéèrè yìí rí. Awò wo ni ó yẹ kí n béèrè fún, kí sì ni àwọn ìgbìmọ̀ aṣàyẹ̀wò máa ń wò jù? Ẹ jọ̀wọ́, ṣé wọ́n tilẹ̀ ń ka ti ẹni tí wọn kò mọ̀?

Ìdáhùn kìíní
Ẹ kú ìmúra. Kí ẹ tó dárúkọ awò kankan, ẹ kọ́kọ́ mọ bí ohun tí ẹ fẹ́ wò ṣe tóbi tó lójú ọ̀run. Ìgbì háídrójìn gùn tó sẹ̀ǹtímítà 21, nítorí náà abọ́ kan ṣoṣo, bó ti wù kó tóbi tó, kì í fi bẹ́ẹ̀ lè ya àwọn ohun tó súnmọ́ra sọ́tọ̀. Abọ́ Green Bank ní Amẹ́ríkà fẹ̀ tó mítà 100, síbẹ̀ ohun gbogbo tó bá wà láàárín ibi tó fẹ̀ tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta òṣùpá àrànmọ́jú ni yóò dà pọ̀ mọ́ra lójú rẹ̀. Bí ìṣùpọ̀ yín méjèèjì bá súnmọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹyọ kan ni ẹ ó rí.

Èmi yóò béèrè fún VLA, awò rédíò kan ní Amẹ́ríkà tó ní abọ́ 27 tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ bí ẹyọ kan, tí wọ́n ń fi ojú irin gbé káàkiri. Nígbà tí wọ́n bá tò wọ́n sí ipò A, wọ́n máa ń jìnnà síra tó kìlómítà 36; ní ipò D, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ju kìlómítà kan lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ipò A wọ̀ yín lójú, nítorí gáàsì tó fẹ́lẹ́ tó sì tẹ́ rẹrẹ yóò pòórá níbẹ̀. Ipò D tàbí C ni ti yín. Ipò D ni wọ́n fi ya àwòrán ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ mẹ́ta kan, M81, M82 àti NGC 3077: nínú àwòrán ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí, kò sí ohun tó so wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n gáàsì ta láti ara ọ̀kan dé ara èkejì. Ẹ kíyèsí i pé nǹkan bí oṣù 16 ni ó ń gbà kí ipò kọ̀ọ̀kan tó tún yí padà dé, nítorí náà ẹ wò bóyá ipò tí ẹ fẹ́ wà nínú ìpè tó kàn.

Ìdáhùn kejì
Mo fara mọ́ èyí. Bí ìṣùpọ̀ náà bá wà lápá gúúsù ojú ọ̀run, MeerKAT ní Gúúsù Áfíríkà, tó ní abọ́ 64, ni kí ẹ wò.

Ìdáhùn kẹta
Ibi tí mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ ìwé ìbéèrè ń ṣubú ni iye wákàtí. Ẹni tó bá kọ "wákàtí 10" láìsọ ìdí rẹ̀ ti fún aṣàyẹ̀wò láǹfààní láti kọ̀ ọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí gáàsì fúnra rẹ̀: báwo ni ẹ rò pé ó fẹ́lẹ́ tó, báwo ni ariwo ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ti lọ sílẹ̀ tó kí ó tó hàn, kí ẹ wá ṣírò wákàtí láti ibẹ̀. Ẹ rántí pé kí ariwo tó di ìlàjì, àkókò gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Ohun tí wákàtí 3 kò bá ṣe, tí ẹ sì fẹ́ kó hàn kedere ní ìlọ́po méjì, wákàtí 12 ni yóò gbà, kì í ṣe 6. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi àkókò tí wọn yóò fi yí àwọn abọ́ sí ohun ìdíwọ̀n, ìyẹn ohun ojú ọ̀run tí a ti mọ bí agbára rédíò rẹ̀ ṣe tó, irú bíi kúásà 3C 286, kún un, nítorí inú wákàtí yín ni wọn yóò ti yọ ọ́.

Ohun kan tún wà tí mo ka sí pàtàkì ju bí èdè ìwé náà ṣe dán lọ: ẹ sọ ohun tí a ó kọ́ bí gáàsì náà kò bá hàn rárá. Ìwé tó jẹ́ pé rírí nìkan ni èrè rẹ̀ kì í tètè wọ ìgbìmọ̀ lọ́kàn.

Ìdáhùn kẹrin
Ẹ kọ́kọ́ yẹ dátà àtijọ́ wò, nítorí ẹni tí yóò ka ìwé yín lè yẹ̀ ẹ́ wò. Dátà VLA sábà máa ń di ti gbogbo ènìyàn lẹ́yìn oṣù 12. Ìwádìí ALFALFA, tí wọ́n fi abọ́ Arecibo ṣe kí ó tó wó ní 2020, ní àkọsílẹ̀ ohun tó lé ní 31,000 tó ní háídrójìn; bí tiyín bá wà níbẹ̀, ẹ ti mọ gbogbo gáàsì tó wà nídìí wọn, ìṣirò wákàtí yín yóò sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ní ti ẹni tí wọn kò mọ̀, ẹ fọkàn balẹ̀. Orílẹ̀-èdè tàbí ilé-ẹ̀kọ́ kankan kì í dí ènìyàn lọ́wọ́ láti béèrè fún VLA tàbí Green Bank. Ní ALMA, awò rédíò ńlá tó wà ní Chile, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè gbọ́ ìgbì tiyín, láti 2021 ni àwọn aṣàyẹ̀wò kì í ti í rí orúkọ ẹni tó kọ ìwé.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti rí wọn nínú ALFALFA. Méjèèjì ń jìnnà sí wa ní nǹkan bí 8,500 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣé ìyẹn dí nǹkan lọ́wọ́?

Ìdáhùn kẹta
Ó lè dí i, ó sì dára tí ẹ béèrè. Ní irú eré bẹ́ẹ̀, ìgbì háídrójìn yóò ti nà sí i, iye ìgbà tó ń mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò sì ti sọ̀kalẹ̀ láti 1,420 sí nǹkan bí 1,381 mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn sátẹ́láìtì GPS máa ń fi àmì kan ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ipò D ni irú ariwo bẹ́ẹ̀ tún ń pọ́n lójú jù, nítorí àwọn abọ́ súnmọ́ra. Ẹ má fi pamọ́. Ẹ kọ ọ́ sínú àlàyé ẹ̀rọ pé ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ béèrè pé kí wọ́n pín wákàtí yín sí ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí ti ọjọ́ kan má bàa ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, kí ẹ sì fi ìṣirò hàn pé bí ẹ bá gé apá kan dátà náà dànù, èyí tó kù yóò ṣì tó láti rí gáàsì yẹn.