Aṣọ àtijọ́, máṣíìnì ìyá mi àti ewédú ẹ̀yìnkùlé: ẹ wá sọ tiyín

Ìyá Ìbejì, Adátán

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Holidé gígùn yìí ni mo fẹ́ ròyìn ẹ̀ o, torí ojú mi rí nǹkan. Owó tí àwọn télọ̀ ń gbà lórí aṣọ ọmọdé báyìí, ọwọ́ mi ò ká a mọ́, bẹ́ẹ̀ àpótí mi kún fún aṣọ ẹbí tí mo wọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òmíì ò tiẹ̀ gbà mí mọ́ látìgbà tí mo ti bí àwọn ìbejì. Máṣíìnì ìyá mi sì wà nílé, olórí dúdú onítẹ̀ẹ́sẹ̀ yẹn, a kàn da aṣọ bò ó ni, a wá gbé tẹlifíṣọ̀n lé e lórí. Mo ní ó yá, mo gbé tẹlifíṣọ̀n kúrò, mo kán epo sí gbogbo ihò tí mo rí lára ẹ̀, mo ra bẹ́líìtì tuntun sí i, ló bá ń ké kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́ bí ẹni pé kò sinmi rí.

Ìró àǹkárá kan báyìí ni mo kọ́kọ́ fà yọ, èyí tó ní ẹyẹ alápàáǹdẹ̀dẹ̀ lára, ẹ̀yin náà á ti rí i rí. Mo fẹ́ fi dá gáùn méjì fún ìbejì. Ẹ gbọ́ o, mi ò tú etí ẹ̀, mi ò lọ̀ ọ́, mo kàn ṣẹ́ ẹ po sí méjì lórí bẹ́ẹ̀dì, mo gbé gáùn àtijọ́ wọn lé e, mo fi ṣọ́ọ̀kì fà á yíká, mo ti àlùmọ́gàjí bọ̀ ọ́. Àṣé bí mo ṣe ṣẹ́ ẹ po yẹn ti dojú apá kan délẹ̀. Mo rán an tán, Táíwò wọ̀ ọ́, iwájú ẹ̀ rèé, ó dùn ún wò, àfi bó ṣe yí ẹ̀yìn sí wa tí Kẹ́hìndé figbe ta pé "Mọ́mì, gbogbo ẹyẹ ẹ̀yìn ẹ̀ ń já bọ́!" Lóòótọ́ ni, àwọn ti iwájú ń fò lọ sókè, àwọn ti ẹ̀yìn ń forí sọlẹ̀ bọ̀. Bàbá wọn rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú ẹ̀. Mo ní kí Táíwò bọ́ ọ kí n tú u, ó lóun ò bọ́ ọ, pé òun fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Títí dòní ló ń wọ̀ ọ́.

Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n fi aró jẹun n'Ítòkú fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó wá ń gbé lọ́dọ̀ wa, wọ́n kàn ń wò mí níran ni. Ìgbà tó yá ni wọ́n ní "Ìyàwó mi, ara ẹ ti yá jù. Ta ló ń gé aṣọ tí kò tíì tú?" Wọ́n gba bíléèdì lọ́wọ́ mi, wọ́n fa gáùn ẹbí mi kan yọ nínú àpótí, wọ́n tú ojú rírán ẹ̀ gbogbo, wọ́n ní kí n fọ̀ ọ́, kí n lọ̀ ọ́, kí n wá gbé e sójú fèrèsé kí oòrùn gba inú ẹ̀ wá. Háà! Ẹ gbé aṣọ tẹ́ ẹ rò pé ó ṣì dáa sójú oòrùn kẹ́ ẹ rí nǹkan. Abíyá ẹ̀ ti fẹ́lẹ́ bí ọ̀rá, ibi ìdí náà bẹ́ẹ̀, èèyàn ò lè mọ̀ tó bá wà lára hángà. Màmá ní ibi méjèèjì yẹn ni aṣọ ti ń kọ́kọ́ kú. Ibi tó bá ti fẹ́lẹ́, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yí i po, ẹ yà á sílẹ̀, ibi tó lágbára ni kẹ́ ẹ gé.

Bá a ṣe tú agbádá gínnì bàbá wọn nìyẹn, èyí tó ti di ọ̀ṣọ́ àpótí. Yáàdì mẹ́wàá la fi rán tòkètilẹ̀ ẹ̀ nígbà náà, agbádá nìkan tá a tú, ó bo gbogbo ilẹ̀ pálọ̀. Mo rí gáùn méjì yọ níbẹ̀, mo rí èpìrọ́ọ̀nù kan, mo rí àpò ìrọ̀rí mẹ́rin. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àyà ẹ̀, mi ò jẹ́ gé e, mo gbé e sójú ìrọ̀rí, ọkùnrin náà wá ń sùn lé àyà agbádá ẹ̀ lálaalẹ́.

Ó ku ti oko. Ẹ̀yìnkùlé wa ò tóbi, mo ní kí n gbin ẹ̀fọ́ díẹ̀ kí àwọn ọmọ lè kúrò nídìí fóònù. Ọkọ́ àkọ́kọ́ tí mo bù sílẹ̀, gbanin! Òkúta. Ẹ̀ẹ̀kejì, òkúta. Abẹ́ òkúta la wà lóòótọ́, kì í ṣe àròsọ. Ni mo bá kó àpò ìrẹsì mọ́kànlá jọ, mo ṣẹ́ ẹnu wọn síta, mo fi máṣíìnì lọ̀ ọ́ yíká kó má baà ya, a lu ihò sí ìdí wọn, a kó ilẹ̀dú sí i. Tẹ̀tẹ̀, ewédú, tòmátì. Èso tẹ̀tẹ̀ kéré gan-an, tẹ́ ẹ bá fọ́n ọn bẹ́ẹ̀ ojú kan ló máa kó sí, àwọn ìbejì ló ń pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ nínú agolo mílíìkì kí wọ́n tó fọ́n ọn. Àjákù aṣọ tó ṣẹ́kù nídìí máṣíìnì ni mo fi so tòmátì mọ́ igi, kì í gé e lọ́rùn bí okùn ọ̀rá ṣe máa ń ṣe.

Adìyẹ àdúgbò ló wá fẹ́ bà á jẹ́. Wọ́n tú àpò méjì láàárọ̀ ọjọ́ kan. Mo rántí léèsì kan, léèsì ìgbà ìyàwó àbúrò mi, onihò wẹrẹwẹrẹ, mo tẹ́ ẹ bo orí ewédú, oòrùn ń wọlé, omi ń wọlé, adìyẹ ò ríbi fẹsẹ̀ ya. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, aládùúgbò wa bá ń pariwo lẹ́yìn fẹ́ǹsì, "Ìyá Ìbejì o, ẹ wá kó léèsì yín, òjò ti ṣú!" Mo ní "Ẹ ṣé o, ẹ jẹ́ kó pa á."

Bàbá Olóko, Ìdí-Abà

Hahaha, ẹyẹ já bọ́. Tèmi ò kúrò lórí ewédú. Ọdún tó kọjá mo gbin ín lẹ́ẹ̀mejì, kò hù, mo ti ń bínú sí ẹni tó tà á fún mi. Ìyàwó mi ní èèpo èso ewédú le, pé wọ́n máa ń fi omi gbígbóná jí i ni. Mo gbé omi kaná, mo da èso sí i, ẹnì kan wá pè mí lórí fóònù, ọ̀rọ̀ gùn. Kí n tó padà dé, mo ti se ewédú kí n tó gbìn ín. Ẹ fi aṣọ pélébé dì í, ẹ rì í bọ omi tó hó, ẹ ka ení, èjì dé ẹ̀wá, ẹ fà á yọ, ẹ rì í bọ omi tútù, ó parí. Tèyí hù bí irun orí. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ má da ìgbẹ́ adìyẹ tútù sí ìdí tòmátì o, ó máa jó o. Ẹ jẹ́ kó jókòó títí òórùn ẹ̀ á fi lọ.

Ọmọ Kútọ̀

Ẹ̀yin mọ́mì, èmi ò lè rán nǹkan kan, aró ni tèmi dá lé. Mo ní ṣáàtì funfun kan tí ọrùn ẹ̀ ti pọ́n, mo gbé e lọ bá màmá kan n'Ítòkú pé kí wọ́n bá mi pa á láró. Mo dúró ti wọn, wọ́n rì í, wọ́n fà á yọ, ó rí bí ewé, mo ti fẹ́ sunkún, wọ́n ní kí n dúró, atẹ́gùn fẹ́ sí i díẹ̀ ló bá ń di búlúù lójú mi báyìí. Ìgbà tó gbẹ ni mo rí i pé gbogbo ojú rírán ẹ̀ ṣì funfun báláú! Màmá yẹn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní aṣọ ẹ̀ lòwú, okùn tí wọ́n fi rán an, ọ̀rá ni, aró ò mọ ọ̀rá. Ní ọ́fíìsì, wọ́n wá ń bi mí pé télọ̀ wo ló fi òwú funfun ṣe ọ̀ṣọ́ sí i lára, mo ní télọ̀ mi kì í gba iṣẹ́ púpọ̀.

Ìyá Ìbejì, nọ́ńbà abẹ́rẹ́ wo lẹ fi rán àpò ìrẹsì?

Ìyá Ìbejì, Adátán

18 ni. 14 tí mo fi ń rán àǹkárá ni mo kọ́kọ́ lò, mo ṣẹ́ mẹ́ta kó tó yé mi. Jíǹsì náà, 18 ni.

Bàbá Olóko, mo ti ka ti omi gbígbóná yẹn fún Màmá, wọ́n ní ṣé ẹ̀ ń gbìn ín ni àbí ẹ̀ ń sè é.

Aládùúgbò òjò yẹn sì wá sílé mi lánàá o. Léèsì tiẹ̀ ló gbé dání, ó ní kí n bá òun gé e sí méjì, kí n fi ìdajì rán bùbá fún òun, kí òun lọ fi ìdajì yòókù bo ewédú tòun náà. Mo ti tú u. Ó kù kí n gbé e sójú fèrèsé.