Ṣé ètò ìdìbò ló ń sọ iye ẹgbẹ́ òṣèlú di méjì lóòótọ́?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ ìdìbò, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Wọ́n ní níbi tí ẹni tí ìbò rẹ̀ bá ṣáà ti pọ̀ jù ti ń wọlé, ẹgbẹ́ méjì ló máa ń kù nílẹ̀, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ fi ìbò rẹ̀ ṣòfò. Ó bá Amẹ́ríkà mu. Àmọ́ ètò yìí kan náà ni Íńdíà àti Kánádà ń lò, ẹgbẹ́ tó wà nílé aṣòfin wọn sì ju méjì lọ dáadáa. Ṣé torí pé àwọn ẹgbẹ́ kan rinlẹ̀ ní ẹkùn tiwọn nìkan ni, bíi ẹgbẹ́ Bloc Québécois ní Quebec, ìpínlẹ̀ kan ní Kánádà?

Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún wá dá kún un. Lọ́dún 2024, ẹgbẹ́ Labour gba bí ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò, wọ́n sì kó ju 400 lọ nínú àga 650 ilé aṣòfin. Ẹgbẹ́ Reform gba bí ìdá 14, àga 5 péré ló kàn wọ́n. Èmi ò rí ìdọ́gba kankan níbẹ̀ o.

New Zealand ti kúrò nínú irú ètò yìí láti ìdìbò 1996. Ṣé ìjọba àjọṣe tí wọ́n wá ń ṣe, tí ẹgbẹ́ bíi mélòó kan ń para pọ̀ ṣe, ń dá iṣẹ́ dúró ni, àbí ó sàn jù?