Ṣé ọyẹ́ ló ba ìrẹsì mi jẹ́, àbí ọwọ́ mi ni?

Ìyá Ìbejì, Ṣábẹ̀ẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní àkùrọ̀ kékeré kan níbí, ìrẹsì tí wọ́n ń pè ní IR841 ni mo ń gbìn síbẹ̀, torí òórùn rẹ̀ ni àwọn oníbàárà mi ṣe ń wá. Lọ́dún yìí mo pẹ́ kí n tó ṣí i gbìn. Ìgbà tó lóyún, tí ṣírí ṣì wà nínú igi, ni ọyẹ́ dé, òwúrọ̀ kùtù tí a ń yá iná ká tó lè fọwọ́ kan omi. Nígbà tí ṣírí yọ, ó nàró gbọnran, kò tẹrí ba. Mo já ogún ọmọ lára ṣírí kan, mo fi èékánná tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: mẹ́rìnlá ló jẹ́ èèpo lásán! Ọmọ mi ní Kùtọnu ní àwọn ará Ṣáínà ti rí jíìnì tí kì í jẹ́ kí òtútù pa ìrẹsì. Òótọ́ ni?

Akẹ́kọ̀ọ́ Kétu
Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Òótọ́ ni. Jíìnì ni àṣẹ inú sẹ́ẹ̀lì tí ewéko ń jogún; COLD1 lorúkọ èyí, ọdún 2015 ni wọ́n kéde rẹ̀. Ẹ̀yà ìrẹsì méjì ni japonica àti indica. Japonica tó ń ṣe dáadáa ní ilẹ̀ olótùútù ló ní in bẹ́ẹ̀. Ti indica, tí IR841 yín wà nínú ẹ̀, fi lẹ́tà kan péré nínú àkọsílẹ̀ jíìnì náà yàtọ̀ sí i. Iṣẹ́ onílẹ̀kùn ni COLD1 ń ṣe lára sẹ́ẹ̀lì: bí òtútù bá kàn án, kálísíọ̀mù á wọlé, ewéko á sì mọ̀ pé ó yẹ kóun múra.

Àmọ́, mà, ìrẹsì kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù ni wọ́n fi dán ìyẹn wò. Tiyín, inú oyún ló ti bà jẹ́. Bí òtútù bá mú un nígbà yẹn, lẹ́búlẹ́bú akọ inú òdòdó kì í gbó, ọmọ ò sì ní lè dúró. Jíìnì mìíràn ló ń ṣọ́ ibẹ̀. Àwọn ará Japan gba ọ̀kan, Ctb1, lára Silewah, ìrẹsì Indonesia. Ní Hokkaido, ní àríwá Japan, wọ́n tún máa ń jẹ́ kí omi ga nínú oko nígbà oyún, kó bo ṣírí tó ṣì wà nínú igi, torí omi kì í tutù tó afẹ́fẹ́ òru.

Bàbá Alákùrọ̀, Àjàṣẹ́
Ọmọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ wa kì í ṣe òtútù nìkan, ó ń gbẹ nǹkan. Ọ̀dá nígbà oyún máa ń sọ ìrẹsì di èèpo bákan náà. Ìyá Ìbejì, omi wà nínú àkùrọ̀ yẹn nígbà náà?

Ìyá Ìbejì, Ṣábẹ̀ẹ́
Hùn. Bàbá, mo ti darí omi náà sí tòmátì. Tòmátì yẹn sì so o.