Ọmọ mi ń sunkún nítorí oyin tó kú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Olóyin ni wá nítòsí Òmù-Àrán. Bàbá ọkọ mi ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 9, kò fẹ́ bá bàbá rẹ̀ àtàwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sídìí àgbá oyin, ìyẹn ilé tí a ṣe fún oyin, mọ́. Kò bẹ̀rù oró o. Nígbà tí oyin ta á, bàbá rẹ̀ ṣàlàyé fún un pé abẹ́rẹ́ oyin máa ń há sí wa lára, tí oyin náà á sì kú. Ọmọ yìí sunkún títí ó fi sùn lọ, nítorí oyin yẹn!

Ní báyìí tí igi ẹ̀mí, ìyẹn igi òrí, ti ń tanná, tí iṣẹ́ oyin sì dé, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń pè é ní ojo. Bàbá àgbà ní kí wọ́n fi túláàsì mú un lọ. Ọkàn mi ò gbà á. Ṣebí òun náà ló máa ń jókòó lọ́ọ̀ọ́kán, tí á máa wo bí oyin ṣe ń di ìyẹ̀fun òdòdó mẹ́sẹ̀ wọlé; òun ló kọ́kọ́ rí i pé àgbá kan ti ń dákẹ́.

Ṣé kí n jẹ́ kó máa bá mi sẹ́ oyin, kó máa yọ́ ìda nílé? Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe bá àgbà ilé sọ ọ́ tí kò fi dìjà?