Ọ̀gá tuntun dé iléèwé ológun: kí lojú yín rí?

Ọmọ_Bárékè: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe kàdẹ́ẹ̀tì, akẹ́kọ̀ọ́ iléèwé ológun, rí, báwo ni ọ̀gá tuntun ṣe yí nǹkan padà lọ́dọ̀ yín? Ṣé àṣẹ ló pa ni, àbí ó fikùn lukùn pẹ̀lú yín? Ẹ má dárúkọ iléèwé o.

Bàbá_Ìbejì: Fikùn lukùn wo? Ọjọ́ kejì tó dé ni wọ́n ka àṣẹ sí wa létí: sínyọ̀ kankan kò gbọdọ̀ jí júníọ̀ lójú oorun lóru láti fìyà jẹ ẹ́ mọ́. Ó tán. Lọ́sẹ̀ yẹn náà, ẹ̀yìn ilé ìdáná làwọn sínyọ̀ kó wa lọ. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ò ju pé a ò gbọdọ̀ pariwo mọ́.

Àdùkẹ́_Kàdúná: "A ò gbọdọ̀ pariwo mọ́" 😭😭

Jagunlabí: Ìyà yẹn ló sọ yín dèèyàn.

Bàbá_Ìbejì: @Jagunlabí sínyọ̀ nìyí. A ti dá ọ mọ̀.

Ẹlẹ́wà_Sàpọ̀n: Tiwa ò sọ nǹkan kan fún bí oṣù kan. Á bá wa sáré láàárọ̀ kùtù, á gbé abọ́ tò sórí ìlà, á jẹ ẹ̀wà tòun ti kòkòrò. Ìgbà tó yá ló kó àwọn sínyọ̀ jọ, ó ní kí kálukú sọ ohun tí wọ́n fojú òun rí nígbà tóun jẹ́ júníọ̀. Èyí tó burú jù nínú wọn, tá a ń sá fún bí ejò, ńṣe ló bú sẹ́kún. Àwọn fúnra wọn ló kọ òfin tuntun. Ìyà ò tán pátápátá, àmọ́ ojú ń ti wọn.

Jagunlabí: Oṣù kan láìsọ̀rọ̀? Ọ̀tá á ti wọ̀lú.

Onítàn: MacArthur, ọ̀gágun Amẹ́ríkà, náà gbìyànjú láti dín irú ìyà yẹn kù nígbà tó di ọ̀gá West Point, iléèwé ológun wọn, lọ́dún 1919. Ojú òun gan-an ti rí màbo níbẹ̀ nígbà tó wọlé ní 1899. Àwọn àgbà ibẹ̀ ta kò ó. Ó kúrò ní 1922, ẹni tó gbapò ẹ̀ sì dá ọ̀pọ̀ nǹkan padà sí bó ṣe wà.

Àdùkẹ́_Kàdúná: Ẹ má bú àṣẹ jù o. Òkè ni àṣẹ ti wá kí NDA, iléèwé àwọn ọ́físà ológun Nàìjíríà, tó gba kàdẹ́ẹ̀tì obìnrin ní 2011. Ní 2016, àwọn àkọ́kọ́ ti di ọ́físà. Ká ní wọ́n kọ́kọ́ bi àwọn Jagunlabí ni ńkọ́?

Jagunlabí: Kí ló kàn mí níbẹ̀ báyìí?

Ọmọ_Bárékè: @Ẹlẹ́wà_Sàpọ̀n ẹ̀wà yẹn ńkọ́, ṣé ó padà dáa?

Ẹlẹ́wà_Sàpọ̀n: Kòkòrò ẹ̀ dín kù.