Àbọ̀ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ ẹsẹ̀ ọmọ mi

Ẹ kú àdúrótì mi. Mo béèrè nígbà kan bóyá kí n jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọbìnrin mi tó ní cerebral palsy (ìṣòro ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí ara ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ), torí orí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló fi ń rìn, orúnkún rẹ̀ kì í sì í nà tán. A ṣe é. Ó ti pé ọdún 2.

Ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n mú kí iṣan gìgísẹ̀ àti ti ẹ̀yìn itan gùn sí i. Oṣù 6 àkọ́kọ́ le gan-an. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lágbára tó ti tẹ́lẹ̀, mo sì ń sunkún ní kọ̀rọ̀. Eré ìdárayá ojoojúmọ́ ló gbé e dìde, díẹ̀díẹ̀.

Dókítà ti sọ ọ́ pé ọ̀bẹ kò dé ọpọlọ, ibẹ̀ sì ni ìṣòro náà ti bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni: ó ṣì ń lo ọ̀pá, ipele 3 náà ló ṣì wà lórí òṣùwọ̀n GMFCS, tí wọ́n fi ń wo bí ọmọ tó ní cerebral palsy ṣe lè rìn tó, láti 1 (tó fúyẹ́ jù) dé 5 (tó le jù). Ṣùgbọ́n gìgísẹ̀ rẹ̀ ń kanlẹ̀! Iwájú bàtà rẹ̀ nìkan ló máa ń jẹ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yìn náà ti ń jẹ báyìí.

Ó ṣì ń dàgbà, iṣan sì lè tún sún kì, nítorí náà a ò fi àyẹ̀wò ìbàdí àti ẹsẹ̀ rẹ̀ jáfara. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó dá mi lóhùn.